Erin Ra Igi Ẹyẹ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Àjànàkú tí owó rẹ̀ kò lóǹkà, ó fì síhìn-ín, ó fì sọ́hùn-ún, ó wá balẹ̀ sórí ẹyẹ ẹ̀gà tí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ láàrin Àkúrẹ́ àti Òde Oǹdó, igi ìrókò kan wà létí odò Ọwẹ́nà. Igi Ẹyẹ ni gbogbo ayé ń pè é. Bí ẹyẹ Àkúrẹ́ bá jí ní àárọ̀, kí ó tó bọ́jú, orí igi yìí ni yóò kọ́kọ́ fò lọ. Bí ẹyẹ Oǹdó bá jẹ iyán yó, kí ó tó nu ẹnu, ibẹ̀ ni yóò ti lọ ka iye òkèlè tí ó gbé mì fún àwọn tí kò bi í. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ibi tí ikán ti hu ìyẹ́, ọmọ ẹni tí ó sọnù, iye tí wọ́n ń ta àgbàdo ní ọjà Ìsìkàn, àti ẹyẹ tí ó kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin kan péré ni igi náà ní: ẹyẹ kò gbọdọ̀ ké ju igbe 140 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹlòmíràn lè ráyè.

Ìjà kan wà tí kì í tán lórí igi yìí. Àwọn ẹyẹ Oǹdó a ní, “Àwa la ni orúkọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ń pè é, wọn kò pè é ní Ìpínlẹ̀ Àkúrẹ́.” Àwọn ẹyẹ Àkúrẹ́ a sì dáhùn pé, “Ẹ máa gbé orúkọ yín dání. Alágbàká, ní Àkúrẹ́, ni gómìnà ń sùn.” Láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ni wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí.

“Ìyá àgbà, ayé àtijọ́ wo ni ọdún 1976 wà?”

Bí o bá fẹ́ mọ ọjọ́, lọ ra kàlẹ́ńdà. Bí o bá fẹ́ gbọ́ àlọ́, gbè.

Òbúkọ onírùngbọ̀n ni alábòójútó igi náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbìn ín ní ọdún 2006. Òbúkọ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó máa ń di ojú, ó máa ń gbààwẹ̀, bí ó bá sì lajú, ohun kan yóò ti yí padà lára igi. Ní ọdún 2015, ó já gbogbo ìràwọ̀ tí àwọn ẹyẹ fi ń yin ara wọn lẹ́yìn igbe, ó fi àwòrán ọkàn pupa rọ́pò. Ní ọdún 2017, ó ní kí ẹyẹ máa ké tó igbe 280.

Áà! Igi fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ológoṣẹ́ ní òun kò lè fi ọkàn pupa kí ẹni tí òun kò fẹ́. Òwìwí ní igbe 280 yóò sọ gbogbo ọmọ ẹyẹ di oníwàásù. Àparò ló wá burú jù. Ó na ìyẹ́ méjèèjì, ó ké débi pé àwọn tó wà ní Òkè Ìdànrè gbọ́: “Ó tó! Èmi ń lọ o! Ẹ kò ní rí mi lórí igi yìí mọ́ láé!” Ó fò pàpàpà, ó lọ. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Àparò ti tún dé. Ó bà lé ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó rọra bi Àdàbà pé, “Kí ni wọ́n sọ nípa lílọ mi?”

Igi Ẹyẹ, igi wa ni,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Òbúkọ yí ewé padà,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Àparò ní òun ń lọ,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Ilẹ̀ ṣú, ó tún ti dé,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́, ó ti dé!*

Kò pẹ́, kò jìnnà, ọ̀rọ̀ kan Kìnnìún ọba ẹranko. Kìnnìún fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka tirẹ̀ lórí igi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2021, ó gun ẹ̀ka náà, ó bú ramúramù sí àwọn ọ̀dọ́ ẹranko kan, ó rán wọn létí ogun àtijọ́, ó ní èdè tí ó yé wọn ni òun yóò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Òbúkọ lajú, ó ní ìbúramúramù yìí ti kọjá òfin, ó sì já a sọnù. Ta ló ń já ọ̀rọ̀ ọba sọnù? Kìnnìún bínú, ó ní kí ẹyẹ kankan má ṣe bà lé igi náà mọ́. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pani lẹ́rìn-ín: àwọn ìránṣẹ́ ọba, orí Igi Ẹyẹ kan náà ni wọ́n gùn láti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gun Igi Ẹyẹ.

“Ìyá àgbà, ìjọba Bùhárí nìyẹn! Twitter nìyẹn!”

Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan. Èmi ń pàlọ́ ni.

Òkété ló gba àwọn ẹyẹ là. Ó gbẹ́ ihò gba abẹ́ Ọwẹ́nà, ó yọ ọ́ sí Kútọnu. Ẹyẹ tí ó bá gba ihò náà dé orí igi, bí wọ́n bá bi í pé ará ibo ni, á ní, “Bọ̀nṣúù.” Ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì FUTA, ẹ̀yin náà mọ ihò yìí, VPN lẹ̀ ń pè é. Ìyá tó ń ta gèlè ní Ọjà Ọba, tí kò rin ìrìn àjò kọjá Ọ̀wọ̀ rí, fóònù rẹ̀ ń sọ fún ayé pé ìlú òyìnbó ló wà. Àwọn ìránṣẹ́ Kìnnìún ní tiwọn kó lọ sórí igi tuntun kan tí ẹyẹ aláwọ̀ ìyeyè wà lára rẹ̀, tí wọ́n gbìn sí Íńdíà, Koo ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2024, igi oníyeyè yẹn gbẹ, ó kú.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, Kìnnìún mú ẹsẹ̀ kúrò lórí òfin. Nígbà tó di oṣù keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní òfin ọ̀hún kò tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹyẹ jó, wọ́n yọ̀. Wọ́n ní bí ọba kò bá lè lé àwọn kúrò lórí igi yìí, kò tún sí ẹni tó lè lé àwọn mọ́.

Igi Ẹyẹ, igi wa ni,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Kìnnìún ní ká má bà á,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Òkété gbẹ́lẹ̀ fún wa,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Ẹ̀yìnkùlé la gbà wọlé,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́, a wọlé!*

Wọn kò tíì jó tán tí ilẹ̀ fi ń mì tìtì. Àjànàkú ló ń bọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n, Erin tí ó ń fi iná ti ọ̀pá lọ sójú ọ̀run, tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í mu epo. Òun náà ti pẹ́ lábẹ́ igi náà, tí ó ń ké pẹ̀lú àwọn ẹyẹ. Ní ọjọ́ kan, ó ní òun yóò ra igi. Ní ọjọ́ kejì, ó ní òun kò rà mọ́. Àwọn onígi pè é lẹ́jọ́, ó tún ní òun yóò rà á. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó ka bílíọ̀nù 44 dọ́là sílẹ̀. Ọjọ́ tí yóò wọlé, ọpọ́n ìfọwọ́ ni ó gbé lọ́wọ́ wọ ibẹ̀. Àwọn ẹyẹ rò pé ó fẹ́ wẹ ọwọ́ ni. Ó gbé imú sókè, ó fọn ọ́n bí ìpè, ó ní, “Mo ti tú ẹyẹ sílẹ̀!”

Àwọn ẹyẹ wo ara wọn. Ológoṣẹ́ bi Àdàbà pé, “Ta ló so wá?”

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Erin ṣe, ó lé àwọn èèrà tí ń tọ́jú igi. Bí ó ṣe lé ìdajì wọn nìyẹn láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí Òbúkọ ti fi sí Àkrà pàápàá, tí wọ́n ń ṣojú gbogbo Áfíríkà, tí Kìnnìún ti ń bínú pé kí ló dé tí kì í ṣe ìlú òun, wọn kò tíì jókòó gbóná tí wọ́n fi gba ìwé ìyọniníṣẹ́. Nígbà tí èèrà lọ, ikán dé.

Iṣẹ́ kejì ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn baba wa ní àparò kan kò ga ju àparò kan lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Erin gbọ́ òwe yìí, ojú rẹ̀ dán. Ó ní, “Ó dáa. Èmi yóò máa ta ebè.” Tẹ́lẹ̀, ẹni tí gbogbo igbó mọ̀ ni Òbúkọ máa ń fi ìyẹ́ aró sí lórí, kí ayédèrú má baà jẹ́ orúkọ rẹ̀. Erin ní ìyẹn ti parí. Ẹni tó bá ní dọ́là mẹ́jọ lóṣù, kí ó wá gba ebè àti ìyẹ́ aró. Ẹni tí kò bá ní, kí ó máa ké láti inú ihò.

Ta ni yóò kọ́kọ́ dé bí kò ṣe Ìjàpá? Ìjàpá kì í ṣe ẹyẹ. Ìjàpá kò ní ìyẹ́ kan lára rí. Ó yá owó lọ́wọ́ Yánníbo, ó ra ìyẹ́ aró, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìgbá, ó gun ebè, ó yí ohùn padà: “Èmi ni olóko gbogbo ilẹ̀ Ìdànrè. Láti òní lọ, ọ̀fẹ́ ni iṣu!” Àwọn ẹranko rí ìyẹ́ aró, wọ́n gbà á gbọ́. Ọ̀yà sáré, ìgalà sáré, wọ́n ya wọ oko olóko. Ẹgba tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju iṣu lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 gan-an, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹnì kan san dọ́là mẹ́jọ, ó jẹ́ orúkọ Eli Lilly, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ó ní oògùn náà ti di ọ̀fẹ́. Ilé iṣẹ́ náà ní láti jáde wá tọrọ àforíjì pé irọ́ ni. Ìjàpá wà níbi gbogbo.

Iṣẹ́ kẹta: Erin ní ẹni tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù láàrin àwọn onígun-ebè, òun yóò fún un lówó díẹ̀ nínú ohun tí òun ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ ṣe di aláìníṣẹ́. Ìjàpá jí ní àárọ̀, ó ké pé, “Odò Ọwẹ́nà ń jóná!” Gbogbo ẹyẹ Àkúrẹ́ fò wá wò ó, gbogbo ẹyẹ Oǹdó fò wá bú u, àwọn kan fò wá sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé kí wọ́n má dá a lóhùn. Erin kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sanwó fún Ìjàpá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ìjàpá ní, “Ẹyẹ Àkúrẹ́ kan ní iyán Oǹdó lẹ́mọ̀.” Owó ọjọ́ yẹn pọ̀ ju ti odò lọ. Ìjà orúkọ àti olú ìlú tí wọ́n ti ń fi ṣeré láti ìgbà ìwáṣẹ̀ wá di ìjà òtítọ́, tí ẹyẹ ń bú ìyá ẹyẹ.

Iṣẹ́ kẹrin, ní oṣù keje ọdún 2023, Erin ní kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò pè é ní Igi Ẹyẹ mọ́. Ó mú ọ̀dà, ó fa ìlà méjì tí ó kọjá lára wọn sára ìtì igi. Ó ní èyí ni orúkọ tuntun. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ kúkú mọ àmì yẹn. Òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń fi ọ̀dà pupa fà sára ògiri ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Òun náà ni tíṣà ń fà sí ìṣirò ọmọ tí kò gbà á. Igi ni ó bọ́ sí lára lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ẹyẹ wò ó títí, wọ́n wò ó tì. Ọ̀dà náà kò bọ́, wọn kò sì yé pè é ní Igi Ẹyẹ nígbà tí Erin kò bá sí nítòsí.

Igi Ẹyẹ, igi ta ni?
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Erin sanwó, erin gbà á,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Ó ta ebè fún Ìjàpá,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Àwa ńkọ́, ta ló tà wá?
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́, ta ló tà wá?*

Wọ́n pe ìpàdé láti kúrò lórí igi. Níbo ni wọ́n ti ṣe ìpàdé? Lórí igi náà ni. Àparò ló sọ̀rọ̀ jù. Ó ti kéde lílọ rẹ̀ nígbà mẹ́ta kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹyẹ Àkúrẹ́ ní kí gbogbo ayé kó lọ sórí òkúta Ọ̀yẹ́mẹkùn. Àwọn ẹyẹ Oǹdó ní ta ni yóò máa gbé orí òkúta, Òde Oǹdó ni kí wọ́n kó wá, kí iyán wà nítòsí. Àwọn kan gba ọ̀nà igi tuntun tí wọ́n ń pè ní Threads, àwọn kan gba ọ̀nà èyí tí wọ́n ń pè ní Bluesky. Olúkúlùkù dá lọ. Bí ó bá débẹ̀, tí ó ké, tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn, á jókòó fún ọjọ́ kan, á jókòó fún ọjọ́ méjì, á sì rọra fò padà sí Ọwẹ́nà, á ní òun wá wo nǹkan tí òun gbàgbé. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Erin rí gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Kí ni ó fẹ́ sọ? Ariwo pé àwọn ń lọ, ariwo náà ni. Ó kà á mọ́ èrè.

Ẹ̀gà ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù, nítorí òun kò mọ ohun mìíràn ṣe ju ká máa sọ̀rọ̀ lọ. Ó fò wọ Òde Oǹdó, ó lọ bá Lékèélékèé, ìyá ọjà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbà wá. Ẹ bá wa yọ Erin lóyè.”

Lékèélékèé ní, “Ọmọ mi, dìde. Ta ló fi í joyè?”

“Ẹnì kankan kọ́, mà. Ó fi owó rà á ni.”

Lékèélékèé mi orí. Ó ní, “O ti gbọ́ nípa Lóbùn ní ìlú yìí?”

Ẹ̀gà ní òun gbọ́ orúkọ náà.

“Lóbùn ni àgbà obìnrin ní Òde Oǹdó. Pupupu tí ìtàn ní ó kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé, ọba Oǹdó, obìnrin ni. Ọmọ ìran rẹ̀ ni ó ń jẹ Lóbùn. Ọ̀rọ̀ Ajé àti ọ̀rọ̀ ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ fi Ọ̀ṣemàwé tuntun jẹ, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ kò fi owó rà á. Wọ́n fi í jẹ ẹ́ ni. Èèwọ̀ wà tí ó gbọ́dọ̀ pa mọ́. Bí ọjà bá dàrú, a mọ ilé ẹni tí a óò lọ jókòó sí iwájú rẹ̀. Ẹni tí a bá fi jẹ la lè pè lẹ́jọ́. Ẹni tó rà á kò jẹ ẹ́, a ò sì lè rọ̀ ọ́ lóyè tí kò jẹ.”

Ẹ̀gà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lékèélékèé ní, “Dákẹ́ ná. Dárúkọ ẹyẹ mẹ́wàá fún mi, tí ó jẹ́ pé bí o bá dákẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á béèrè ẹ.”

Ẹ̀gà nu ojú. Ó dárúkọ wọn láìròjù. Wọ́n pé mẹ́wàá, wọ́n tún lé.

“Ó dáa. Níbo ni ìkọ̀ọ̀kan wọn ń sùn?”

Ẹ̀gà la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀ka tí wọ́n ń bà lé ni mo mọ̀, mà. N kò mọ ilé wọn.”

Lékèélékèé ní, “Ohun tí Erin rà nìyẹn. Erin kì í gun igi, kí ni yóò fi igi ṣe? Ó mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ ilé ẹnì kejì rẹ̀ nínú yín, pé bí ẹ bá fi igi òun sílẹ̀ lónìí, ẹ kò ní rí ara yín mọ́ lọ́la. Ìyẹn ni ó ka bílíọ̀nù 44 lé lórí. Padà lọ.”

Ẹ̀gà padà sí Ọwẹ́nà. Kò pe ìpàdé. Kò kéde. Ìjàpá ń ké lórí ebè pé Òkè Ìdànrè ti wó, Ẹ̀gà kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó ń ti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó ń fi ẹnu sí etí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: “Jọ̀ọ́, ilé yín dà?” Ọ̀kan ní ẹ̀yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ọ̀kan ní Òkè-Àró. Ọ̀kan ní ẹ̀bá Yunifásítì Adéyẹmí ní Oǹdó. Ẹ̀gà kó gbogbo rẹ̀ sórí. Ó ṣa gbogbo ohun dáadáa tí ó ti sọ lórí igi láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, ó dì í, ó gbé e lọ sílé. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ọ̀pẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé èèyàn, wọ́n hun ilé sórí rẹ̀, ilé kò jìnnà sí ilé. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n tún hun òmíràn sórí ọ̀pẹ kejì.

Ẹ̀gà kò bá Erin ṣọ̀tá. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ayé ń wí, ó lè fò lọ sí igi lójú ọ̀sán, kó gbọ́ ìròyìn, kó fi Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó mọ ibi tí ó ń lọ.

Igi Ẹyẹ, ẹ máa gbé e,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Ẹni ra igi ló nigi,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Mo ti mọ ilé ọ̀rẹ́ mi,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́.*
Ọ̀rẹ́ mi kò sí lọ́jà,
*Tẹ́rẹ́ǹtẹ́, kò sí lọ́jà!*

Ìjàpá ńkọ́? Ó ṣì wà lórí ebè. Nígbà tí àwọn ẹyẹ tó ní làákàyè bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, àwọn tó kù níbẹ̀ di onígun-ebè, oníyẹ́ aró, tí olúkúlùkù ń parọ́ fún ara wọn láti gba owó Erin. Ọjọ́ tí Ìjàpá ké pé ọ̀fẹ́ ni iṣu, Ìjàpá mìíràn ló sáré lọ sóko tí wọ́n nà án.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ nítòsí ilé, ní Àkúrẹ́ ni o, ní Òde Oǹdó ni o, tí ilé wọn pọ̀ jọ tí wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìdí nìyí náà tí àparò, bí ó bá fẹ́ fò, á fi pa ariwo tí gbogbo oko yóò gbọ́, tí kò sì ní fò ju ebè mélòó kan lọ kí ó tó balẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe bá onígi jà nítorí àwọ̀ ewé rẹ̀. Kí olúkúlùkù lọ béèrè ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí igi tó tún ní olówó mìíràn.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Bí n kò bá purọ́, kí ó ró lẹ́ẹ̀mẹta, láìgun ebè, láìsan dọ́là mẹ́jọ: pó! pó! pó!